Ẹ yé fi kòtò Ìkòròdú fọ́nnu

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé dírẹ́bà kòròpé Ìkòròdú lè fi ọwọ́ kan wa mọ́tò lójú ọ̀nà igbó Kánádà tí wọ́n fi hàn nínú fídíò yẹn? Àtìgbà tí fídíò náà ti jáde lẹ ti ń fọ́nnu. “Kí wọ́n wá wo tiwa!” Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀nà Trans-Taiga lẹ ń fojú tín-ín-rín yẹn, ní àríwá Quebec ní Kánádà. Kìlómítà 582 ni kéèyàn tó dé Brisay, ibùdó tí wọ́n ti ń fi omi pèsè iná, òkúta wẹ́wẹ́ àti eruku ni gbogbo ẹ̀, kò sí ọ̀dà. Torí ìsédò tó ń pèsè iná ni Hydro-Québec, iléeṣẹ́ iná mànàmáná wọn, ṣe là á, ìyẹn ni ò fi sí ìlú kankan lójú ọ̀nà. Kìlómítà 84 tó kù lẹ́yìn Brisay gan-an ló wá ń fẹ́ jíìpù gidi. Bí táyà bá bẹ́ níbẹ̀, ìwọ àti igi àti kòkòrò tó ń jẹni lẹ jọ wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bọ̀dá kan ládùúgbò wa, ẹni tẹ́nu ẹ̀ dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo wọkọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn òjò, la bá rì sínú kòtò lẹ́bàá ọjà. Ó fún un níná títí, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń ta sára àwọn tó ń kọjá. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọkùnrin kan ti yọ pẹ̀lú pákó àti ṣọ́bìrì. “Álájì, ẹ má fún un níná mọ́!” Wọ́n ki pákó bọ abẹ́ táyà, wọ́n ti ọkọ̀ náà lẹ́yìn, ó jáde. ₦5,000. Bọ̀dá ná an títí tó fi di ₦3,000. A ò tíì lọ jìnnà tó fi ní, “Ṣó o rí i? Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní mọ́tò wíwà?”

Mo kàn ń wò ó ni. Àwọn tó ń wọ igbó yẹn ń gbé sípíà táyà tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ń gbé epo dání, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè tẹ́ dáadáa lórí ilẹ̀ rírọ̀. Sípíà tiwa ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀?

Àmọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò yẹn ní àwọn ọmọ yẹn náà ló ń gbẹ́ ẹ jìn sí i lóru. Mi ò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Tó bá sì jẹ́ òótọ́, èwo ló wá sàn: ibi tí ò sẹ́ni tó máa yọ mí, àbí ibi tí ẹni tó máa yọ mí ti ń retí mi látàná?