Àbúrò mi kì í ṣe olódo

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀ròyìn nípa àwọn tó ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ àwọn tí wárápá ń ṣe, láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbàgbé nǹkan. Àbúrò mi l'Ọ́fà lẹ ń bá wí. Ẹ rán an ní iyọ̀ àti ata rodo, kó tó dé ìsọ̀ aláta, ó ti dúró, ó ń wo náírà ọwọ́ ẹ̀. Tíṣà ní olódo ni. Àṣé apá kan wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí, hippocampus, òun ló ń bá wa tọ́jú ohun tuntun tá a bá gbọ́. Wárápá àwọn kan, ibẹ̀ gan-an ló ti ń wá, ibẹ̀ á ti súnkì, ó sì máa ń hàn nínú àwòrán. (Oògùn wárápá míì náà máa ń mú ọpọlọ falẹ̀ o.) Ìyá àgbà wa ò jẹ́ ká bá a lo ife kan náà, wọ́n ní itọ́ ẹ̀ ń ràn. Wárápá kì í ràn o! Ẹ̀rọ wo ló máa ya àwòrán ọpọlọ tiwọn?