Àgbọ̀nrín funfun tí ẹ rí lẹ́yìnkùlé kì í sábà jẹ́ àfín

Bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba bá fi fọ́tò àgbọ̀nrín funfun ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ rí lábẹ́ rẹ̀ ni "Háà, àfín àgbọ̀nrín rèé o!" Kò sẹ́ni tó wo imú ẹran náà, kò sẹ́ni tó wo pátákò rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn òyìnbó tó jẹ́ aládùúgbò wọn náà kì í sọ ohun tó yàtọ̀. Àṣìṣe ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun méjì mìíràn ló máa ń sọ àgbọ̀nrín di funfun, wọ́n sì wọ́pọ̀ ju àfín lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa pé ẹran tí à ń sọ níbí kì í ṣe ẹran tí àwọn ọdẹ ilé mọ̀ sí àgbọ̀nrín. Tilé, ìdílé màlúù àti ewúrẹ́ ló ti wá. Ìwo rẹ̀ kì í bọ́ títí ó fi máa kú. Tòkè òkun, irú èyí tí abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ń bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, á sì tún hu òmíràn. A kàn fi orúkọ kan pe méjèèjì ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ewúrẹ́ ló gun àgbọ̀nrín tó fi bí ọmọ aláràbarà kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìdílé wọn jìnnà síra ju kí wọ́n bímọ fúnra wọn lọ.

Kí wá ni àfín? Àfín ni ẹran tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mélánínì, èròjà tó ń fún irun, awọ, pátákò àti ẹyinjú ní àwọ̀. Bí èròjà yìí kò bá sí, kò sí níbi kankan. Irun á funfun báláú láti orí dé ìrù. Imú, tó máa ń dúdú lára àgbọ̀nrín yòókù, á rí píńkì. Pátákò náà á rí bí eyín erin tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹyinjú á pọ́n nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú ojú ló ń hàn síta, kò sí àwọ̀ tó máa bò ó. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa, oòrùn sì máa ń ni ín lójú.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dà rú mọ́ àwa Yorùbá lójú. Àwọn àfín tí a mọ̀ nílé, ojú wọn kì í sábà pọ́n. Irun wọn máa ń pọ́n bí iyanrìn, ẹyinjú wọn a sì máa rí bí oyin tàbí bí eérú, torí pé irú àfín tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ṣẹ́ mélánínì díẹ̀ kù sí ara. Nítorí náà, bí a bá rí àgbọ̀nrín funfun tí ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò jọ wá lójú. A ṣáà ti mọ àfín tí ojú rẹ̀ kò pọ́n. Ẹ má fi òṣùwọ̀n ènìyàn wọn ẹran yìí. Lára àgbọ̀nrín, bí imú bá dúdú, tí ẹyinjú dúdú, tí pátákò sì dúdú, mélánínì ń bẹ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe àfín.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe é nígbà náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní leucism. Ara ẹran náà lè ṣe mélánínì, àmọ́ àwọ̀ náà kò dé inú irun. Irun funfun, ojú àti imú dúdú. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ wà ní ìpínlẹ̀ New York, ní Seneca County, láàárín adágún Seneca àti Cayuga. Lọ́dún 1941, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi wáyà tó gùn tó máìlì 24 yí ilẹ̀ kan ká láti máa kó ohun ìjà pamọ́ síbẹ̀. Àgbọ̀nrín igbó tó wà nínú ọgbà náà kò ráyè jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tìta kò ráyè wọlé. Lọ́dún 1949, wọ́n rí funfun láàárín wọn. Ọ̀gá ibùdó náà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn fún àwọn funfun, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a lọ láti máa pa àwọn aláwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn funfun tó wà níbẹ̀ pé nǹkan bí 200. Ojú wọn dúdú. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń pè wọ́n ní àfín.

Ẹni tó bá mọ jẹ́nótáìpù ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì dá, síbẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Bí funfun Seneca ṣe ń rìn nìyẹn. Àgbọ̀nrín méjì tí àwọ̀ wọn dà bíi ti yòókù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé àbùdá náà pamọ́ sára, lè bí funfun. Abo kan tiẹ̀ lè bí ìbejì kí ọ̀kan funfun, kí èkejì má funfun. Bí funfun bá sì gun funfun nínú agbo yẹn, funfun ni gbogbo ọmọ wọn. Ẹ fi wáyà yí wọn ká, ẹ má pa funfun, ẹ máa pa yòókù: kò lè ṣe kí wọ́n má pọ̀. Àwọn kan ń tan ìtàn kálẹ̀ pé oògùn tàbí bọ́ǹbù àwọn ológun ló sọ wọ́n di funfun, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní piebald. Alábùlẹ̀ ni ká pè é. Funfun bu lé e níhìn-ín, àwọ̀ ilẹ̀ bu lé e lọ́hùn-ún, bí ẹní lẹ aṣọ méjì mọ́ra. Òmíràn kò ní ju ìbọ̀sẹ̀ funfun mẹ́rin lọ; òmíràn á funfun tán pátá, á wá ku etí tàbí iwájú orí. Èyí tó funfun tán yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, wọn ò pé 2 nínú 100. Wọ́n tún ní ìṣòro tí àwọn funfun Seneca kò mọ̀. Ẹ lè rí èyí tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí imú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi ti àgbò, tàbí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé kò lè já ewé dáadáa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ara wọn le koko. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí alábùlẹ̀ tó ń tiro, ẹ má sáré sọ pé mọ́tò ló gbá a. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ó ṣeé ṣe.

Ó dáa, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín? Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru kẹ́ ẹ wá sọ pé ojú rẹ̀ pọ́n, torí pé ohun kan bíi dígí wà lẹ́yìn ẹyinjú gbogbo àgbọ̀nrín tó ń dá iná padà. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ á tàn yànràn bí tọ́ọ̀ṣì bá bà á. Ẹ dúró sí bíi mítà 25 sí 50, kẹ́ ẹ lo bínókúlà tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 8, tàbí kẹ́ ẹ fa lẹ́ǹsì fóònù súnmọ́ ọn. Imú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú, nítorí imú tóbi ó sì tutù, àwọ̀ rẹ̀ máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn ju ti ẹyinjú lọ. Imú dúdú parí ọ̀rọ̀: kì í ṣe àfín. Bí imú bá rí píńkì, ẹ má tíì pariwo. Alábùlẹ̀ lè ní píńkì nímú. Ẹ wo ẹyinjú, kẹ́ ẹ wo pátákò nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú koríko, kẹ́ ẹ sì wá irun dúdú tàbí pupa kékeré láàárín etí méjèèjì àti lórí ìrù. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré, kì í ṣe àfín nìyẹn.

Kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi ló ń bí "àgbọ̀nrín funfun" púpọ̀ tí kò sí láyé. Lóru, iná infrared ló ń lò, fọ́tò rẹ̀ kì í sì í ní àwọ̀. Bí ẹran bá súnmọ́ ọn bíi mítà 2 tàbí 3, iná náà á pọ̀ jù lára rẹ̀, ẹran á funfun bí òwú. Àmì rẹ̀ ni pé koríko àti ewé tó wà nítòsí náà á funfun. Ẹ dúró de fọ́tò ọ̀sán. Ẹni tó bá fi ti òru jiyàn, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní fallow, tó kún inú pápá àti igbó níbẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: pupa alámì tótòtó, èyí tí àmì rẹ̀ kì í parẹ́ nígbà òtútù, dúdú, àti funfun. Funfun fallow kì í ṣe àfín, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ dúdú. Wọn kì í bí i ní funfun. Àwọ̀ ìpara ni wọ́n máa ń bí i, á sì máa funfun bó ṣe ń dàgbà. Ti dúdú náà, ìgbó Epping lẹ́gbẹ̀ẹ́ London ti lókìkí fún un tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àgbọ̀nrín tí abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun, dúdú ṣọ̀wọ́n gan-an àfi ní àárín gbùngbùn Texas, ní agbègbè Austin.

Ìyàtọ̀ yìí lè kó ọdẹ sí yọ́ọ́yọ́ọ́ nílé ẹjọ́. Òfin Tennessee dáàbò bo àfín nìkan, ó sì là á sílẹ̀ pé irun gbọ́dọ̀ funfun tán kí ojú sì rí píńkì. Wisconsin dáàbò bo àfín àti funfun tí kì í ṣe àfín. Iowa ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tí funfun pọ̀ jù lára rẹ̀, èyí tó lè kan alábùlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ yìnbọn ka ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ tó wà fún ọdún yẹn gan-an.

Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àgbàdo sílẹ̀ fún un kó lè máa padà wá fún fọ́tò. Lásìkò òtútù, ewé àti èèpo igi ni ikùn rẹ̀ ti mọ́. Bí àgbàdo púpọ̀ bá wọ̀ ọ́ lójijì, inú rẹ̀ á kan, ó sì lè kú pẹ̀lú ikùn tó kún. Níbi tí wọ́n bá sì ti kóra jọ jẹun, àrùn CWD, àrùn ọpọlọ tó ń pa àgbọ̀nrín, tí kò ní oògùn, ń rọrùn láti ràn. Ìpínlẹ̀ New York fi òfin de fífún àgbọ̀nrín igbó ní oúnjẹ. Bí ẹ bá máa gbé fọ́tò náà síta, ẹ pa àmì ibi tí fóònù máa ń fi sára rẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, kí àwọn tó ń wá awọ funfun tà má bàa mọ ojúlé.