Jẹ́látìn kì í wọ aṣọ

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Nínú àyẹ̀wò ọta ìbọn Magnum (ọta alágbára) tó ní ihò lórí tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yìí, ohun kan ń ká mi lára: inú jẹ́látìn lásán, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dípò ẹran ara, ni wọ́n yin gbogbo rẹ̀ sí. Jẹ́látìn ìdá 10 nínú 100, tí wọ́n fi òtútù dìgírì 4 mú, sún mọ́ ẹran ara lóòótọ́, àmọ́ kò ní egungun, kò sì wọ aṣọ. Bí ọta bá gba inú aṣọ jíǹsì kọjá, òwú lè dí ihò orí rẹ̀ pa, ihò tó yẹ kó jẹ́ kó là bí òdòdó nínú ara, kò ní là mọ́, á kàn gún lọ tààrà. Torí ẹ̀ ni FBI, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi ń fi aṣọ bo jẹ́látìn nínú àyẹ̀wò tiwọn, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ọta wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45.

Ẹ wá wo ẹ̀wù ọdẹ níhìn-ín ní Kétu, òfì tó ki, tí awọ àti oògùn bò. Ta ló dán ìyẹn wò? Ẹ ò sì mẹ́nu ba ìkéde Hague ti 1899, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tó ka irú ọta yìí léèwọ̀ lójú ogun, ìyẹn dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èsì àyẹ̀wò tí wọ́n fi aṣọ bo jẹ́látìn síwájú wa.