Ta ló ní àwọn Híńdù kì í pa ẹran bọ?

Bùrọ̀dá kan tún ti gbé e dé nínú grúùpù WhatsApp wa lánàá, pé kí àwọn oníṣẹ̀ṣe lọ kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn Híńdù tí ẹ̀sìn wọn ti wà láti ayébáyé, pé wọn kì í ta ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá kankan sílẹ̀, èso àti òdòdó ni wọ́n fi ń bọ. Àwọn èèyàn sì ń sọ pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi.

Kolkata ní Íńdíà ni mo ti lọ yunifásítì. Tẹ́ḿpìlì Kali, òrìṣà obìnrin àwọn Híńdù, kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kalighat, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Igi kan wà lágbàálá tó là sí méjì lókè bí igi kànnàkànnà, àárín ẹ̀ ni wọ́n ń ki ọrùn òbúkọ bọ̀, àdá á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì wọ́n á ní àmì burúkú ni. Ojú mi báyìí ló ṣe. Ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ, ilé wọn la gbé ẹran náà lọ, màmá ẹ̀ fi atalẹ̀ sè é, kò fi àlùbọ́sà sí i, kò fi aáyù sí i, torí ẹran tó bá ti ọ̀dọ̀ Kali bọ̀, wọn kì í fi ìyẹn sè é. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Ká tiẹ̀ fi tèmi sílẹ̀. Ẹ lọ sí tẹ́ḿpìlì Kamakhya ní ìlú Guwahati ní Íńdíà, ẹ ó rí òbúkọ, ẹyẹlé, ẹfọ̀n pàápàá, akọ nìkan ni wọ́n sì ń pa. Ní Nepal, ọdún Gadhimai máa ń wáyé lọ́dún márùn-ún márùn-ún, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn jẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ni wọ́n ń pa níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sì jẹ́ ará Íńdíà. Gandhi tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ yẹn gan-an kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ẹ̀ pé òun rí àgùntàn tí wọ́n ń dà lọ fún Kali ní Kolkata àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn bí odò, inú ẹ̀ ò dùn sí i rárá. Ní 2019, kọ́ọ̀tù gíga ìpínlẹ̀ Tripura ní Íńdíà fòfin de pípa ẹran ní tẹ́ḿpìlì. Tí ẹnikẹ́ni ò bá pa á, kí ni kọ́ọ̀tù wá ń fòfin dè?

Ẹ má sọ ti màlúù tí àwọn Híńdù kà sí mímọ́ fún mi, òbúkọ lèmi ń sọ. Nínú ìwádìí tí Pew, àjọ tó ń ṣèwádìí èrò àwọn èèyàn, gbé jáde ní 2021, nínú Híńdù 100 ní Íńdíà, 44 péré ló ní àwọn kì í jẹran.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn tó máa ń sá gba ẹ̀yìn, pé Kali ni ìyẹn, òrìṣà ìgbèríko ni, pé òrìṣà Krishna ni Híńdù gidi ń bọ. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n? Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi yẹn kì í fẹnu kan ẹran, Krishna ló wà ní yàrá ẹ̀, síbẹ̀ òun ló já òdòdó pupa tá a gbé lọ fún Kali láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun náà ló sọ ìtàn kan fún mi tí gbogbo Bengal, agbègbè tí Kolkata wà, mọ̀: Radha lọ bá Krishna, olólùfẹ́ ẹ̀, nínú igbó, ọkọ Radha, Ayan, tó jẹ́ ẹni tó ń bọ Kali, gbọ́, ó sáré lọ ká wọn mọ́, àfi bí Krishna ṣe di Kali lójú ẹsẹ̀, ọkọ bá ìyàwó níbi tó ti ń bọ òrìṣà tòun fúnra ẹ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀. Nínú Devi Mahatmya, ìwé mímọ́ Híńdù kan, náà, nígbà tí ọ̀tá bú òrìṣà obìnrin Durga pé agbára àwọn òrìṣà obìnrin mìíràn ló fi ń jà, ó ní òun nìkan ló wà láyé, gbogbo wọn sì wọnú ẹ̀ lọ, Kali náà wà lára wọn. Ìwádìí Pew yẹn kan náà ní 61 nínú 100 Híńdù ló ní Ọlọ́run kan ni, ọ̀nà tó ń gbà fara hàn ló pọ̀. Torí náà ẹ ò lè ya ẹni tó ń gba òbúkọ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ ní kì í ṣe tiwọn.

Ó dáa, mo gbà, ọ̀pọ̀ Híńdù ò fẹ́ràn ẹ̀, àwọn kan ò sì jẹ́ pa eṣinṣin. Àwọn ilé kan ní Bengal ti fi elégédé rọ́pò òbúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe elégédé náà: wọ́n á gbé e síwájú òrìṣà, wọ́n á fi nǹkan pupa kùn ún, wọ́n á wá fi àdá bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló ń bẹ́ elégédé lórí, tí kì í bá ṣe pé ẹran ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?