Àtúnṣe: Ọmọ tí kò níwèé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn wa, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp pé ọmọ Mẹ́síkò tí kò níwèé ìgbélùú kò lè wọ ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà, àfi tó bá sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ rí o. Ní 1977, ìlú Tyler ní Texas ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san 1,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn òbí pẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà 1982, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn láre, adájọ́ 5 sí 4. Ìdájọ́ náà kò kan yunifásítì. Bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ẹ tẹ orúkọ ẹjọ́ náà, “Plyler v. Doe”, sí Google, kí ẹ kà á fúnra yín. Ìdájọ́ náà kan ọmọ Yorùbá tí kò níwèé ní Houston náà.

Ẹni tó fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí i.