Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ ka master biologie ní Faransé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí àwọn òbí yín tó ta ilẹ̀ torí yín

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Benin, ó ń dùn mí pé àwọn òbí ń ta ilẹ̀, wọ́n ń kó owó èsúsú jáde, torí ìwé-ẹ̀rí tí kò ní ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé ẹni tó bá gba master biologie ní Faransé lè di ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà tàbí apòògùn tó tún fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ náà ni òfin wọn mọ̀ sí biologiste médical. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò lábẹ́ rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tí òfin dárúkọ, irú BTS (ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọlọ́dún méjì) tàbí diplôme d'État (ìwé-ẹ̀rí ìjọba) ti iṣẹ́ yẹn. Master yunifásítì lásán kì í tó. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ìṣègùn lọkàn yín fẹ́, EPAC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólítẹ́kíníìkì tó wà ní Calavi, ń kọ́ni, ẹ kọ́kọ́ wádìí níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ni master biologie wà fún, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tàbí oúnjẹ. Stage, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ní ìparí ọdún kejì, inú ilé ìwádìí lẹ máa wà, yunifásítì kò sì ní bá yín wá a. Láti Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti máa kọ̀wé sí àwọn olùwádìí. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ní Faransé jẹ́ ZRR, ibi tí ìjọba ń ṣọ́: wọ́n á kọ́kọ́ yẹ orúkọ yín wò, ó sì lè gbà tó oṣù méjì. Ẹni tó rí ààyè ní Oṣù Kejìlá, tó fẹ́ wọlé ní Oṣù Kìíní, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹ má sì wọlé kí convention, ìwé àdéhùn stage, tó ní ìbuwọ́lù gbogbo ẹni tó yẹ.

Stage tó bá ju oṣù méjì lọ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún. Ní 2025, ó kéré tán 4.35 yúrò ní wákàtí kan, tó ń lọ bíi 600 yúrò àti díẹ̀ lóṣù. Ti ọdún kìíní kì í sábà ju oṣù méjì lọ, nítorí náà ẹ má fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò.

Owó gan-an wá ńkọ́? Iye tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gba físà tipẹ́ ni 615 yúrò lóṣù, 7,380 lọ́dún, tí í ṣe bíi mílíọ̀nù 4.84 CFA. Àwọn kan máa ń yá owó yìí kí wọ́n lè fi hàn pé ó wà ní báǹkì, wọ́n á dá a padà bí físà bá ti jáde. Àwọn yẹn ló ń dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Láti 2019, owó ìforúkọsílẹ̀ master fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ láti 3,770 yúrò, ó sì ti ń gun òkè. Àwọn yunifásítì kan ń dín in kù fún ènìyàn, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Wákàtí 964 lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́. Àmọ́ dandan ni TP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe nínú láàbù. Ẹni tó bá pa á jẹ láìsí ìwé àwíjàre, wọ́n lè kọ défaillant (ẹni tí kò wá) sí i, kò ní ní àpapọ̀ máàkì. Máàkì yẹn sì ni préfecture, ọ́fíìsì ìjọba, máa wò bí ẹ bá fẹ́ sọ káàdì ìgbé ìlú di tuntun.

Nílé, kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́ R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà), ẹ máa ka àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì mọ bí a ṣe ń fi omi dín agbára èròjà kù (dilution). Láti inú èròjà olómi tó jẹ́ 10 mM (mM àti µM ni òṣùwọ̀n bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi), ẹ ṣe 1 mL tó jẹ́ 200 µM: 20 µL pẹ̀lú omi 980 µL. Pípẹ́ẹ̀tì (ohun èlò tí a fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀) kékeré tó ń jẹ́ P20 la fi ń fa 20 yẹn. P1000, èyí tó tóbi, kò lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n kékeré, ẹ fa omi 100 µL sórí rẹ̀: 0.1 gíráàmù ló yẹ kó jẹ́.

Oṣù Kẹwàá ni Études en France, ìkànnì tí a fi ń tọrọ ààyè ní yunifásítì Faransé, máa ń ṣí. Ẹ dárúkọ parcours (ẹ̀ka ẹ̀kọ́) kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà yín, ẹ má fi ẹyọ lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ káàkiri. Kí ẹ sì fi ìwé béèrè lọ́wọ́ yunifásítì bóyá wọ́n á dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù. Títí wọ́n á fi dáhùn pẹ̀lú ìwé, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì.