Gígábáìtì kọ́ ló ń mú dùùrù orí kọ̀ǹpútà dùn ún tẹ̀

Àbúrò kan tí a jọ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí lọ́jọ́ Sátidé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra dátà, kí n fi gba dùùrù 100 GB kan sórí láptọ́ọ̀pù mi. Èyí tí mo ní kéré jù, kò dùn ún tẹ̀." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ti sú mi. Kì í ṣe òótọ́.

Kí ló ń mú GB pọ̀? Wọ́n gba ohùn kí kọ̀ọ̀kan lára dùùrù gidi sílẹ̀ ní títẹ̀ jẹ́jẹ́ àti títẹ̀ líle, wọ́n sì tún fi oríṣiríṣi máìkì gbà á. Etí ni ìyẹn wà fún. Pianoteq, dùùrù orí kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Modartt ní ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní 2006, kò tó 1 GB rárá. Ìṣirò ló fi ń ṣẹ̀dá ohùn. Síbẹ̀ òun ló ń gbọ́ ti ìka mi jù nínú gbogbo èyí tí mo ti tẹ̀.

Ohun tí ìka mọ̀ ni àsìkò. Bí buffer, ìyẹn iye ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé wọn jáde, bá wà ní 512 lórí 44,100 Hz (ègé 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 12 ti lọ kí ohùn tó jáde, láìtíì ka ìdádúró mìíràn. Ní 128, bíi 3 péré ni. Dùùrù ńlá yẹn gan-an ló sì ń ba nǹkan jẹ́: láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára kò lè gbé e, á máa ṣe kà-kà-kà, ẹni tó ni ín á bá gbé buffer lọ sí 1024 kó lè dákẹ́. Á wá máa tẹ kí, ohùn á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Agbára ìka náà ńkọ́? Nọ́ńbà 1 dé 127 ni MIDI, èdè tí kíbọ́ọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, fi ń sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi ìka àárín tẹ kí kan ṣoṣo, mo ń wo nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà. Bó ti wù kí n rọra tẹ̀ ẹ́ tó, kò wá sílẹ̀ ju 70 lọ. Gbogbo ohùn jẹ́jẹ́ inú dùùrù ńlá tí mo fi odidi òru gbà, n kò gbọ́ ọ rí! Mo ṣí velocity curve, ìyẹn ibi tí a ti ń tún bí dùùrù ṣe ń ka agbára ìka ṣe, mo fà á wálẹ̀, dùùrù kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lè nílò GB rẹpẹtẹ, mo gbà.

Mo ní kí àbúrò náà gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Buffer wà ní 1024, earpiece Bluetooth, tó ń fi ìdádúró tirẹ̀ kún un, ló sì fi ń gbọ́ ọ. Mo sọ ọ́ di 128, mo ki earpiece oníwáyà tèmi bọ̀ ọ́. Ó tẹ ẹsẹ kìíní orin kan, ó dúró, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Kò ra dátà mọ́.